Ajá olùrànlọ́wọ́: ṣé ká dìídì bí i ni, àbí ká gbà á láti ìta?

Àwọn èèyàn ń mú ajá wá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní ilé ìwòsàn ẹranko wa ní Àkúrẹ́, bí wọ́n bá sì ti jókòó, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Fídíò orí fóònù ló sábà máa ń fà á: ajá kan mú afọ́jú sọdá títì nílùú òyìnbó, òmíràn ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á dé, pàápàá èyí tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù: ṣé ó tọ́ kí wọ́n máa bí ajá tuntun fún iṣẹ́ yìí, nígbà tí àìmọye ajá kò rílé gbé? Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jọ síbí. Mo ní èrò tèmi lórí ẹ̀, n kò sì ní fi pa mọ́.

Kí lẹ ń pè ní ajá olùrànlọ́wọ́? Èyí tó ń ṣọ́ ilé mi ńkọ́?

Ajá tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ pàtó kan ni, tí yóò máa ṣe é fún ẹni tí ara rẹ̀ kò pé tàbí tí àìsàn ń bá fínra. Ó lè jẹ́ amọ̀nà afọ́jú. Ó lè jẹ́ èyí tó ń ta adití lólobó pé ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn, tàbí èyí tó ń bá arọ ṣa ohun tó bọ́ sílẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 1990 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá kò béèrè ìran ajá, kò béèrè pépà. Iṣẹ́ tí ajá náà mọ̀ ọ́n ṣe ló ń béèrè. Ajá tó kàn ń fi olówó rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ kò sí nínú òfin yẹn, láti 2021 sì ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú ibẹ̀ ti lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ irú rẹ̀.

Tiyín tó ń ṣọ́lé, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹnì kan ní Ìjàpọ̀ fẹ́ ajá tí yóò máa mú bàbá rẹ̀ tó fọ́jú rìn lọ́sàn-án, tí yóò sì máa gbé olè ṣánlẹ̀ lóru. Ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Èyí tó bá ń wo gbogbo àjèjì bí ọ̀tá kò ṣeé mú wọ Ọjà Ọba, níbi táwọn èèyàn ti ń fara gbún ara wọn láti ẹnu ọ̀nà.

Kí ló dé tí wọ́n ń dìídì bí wọn? Ṣé ajá kò tó láyé ni?

Ajá tó, ó tún ṣẹ́kù. ASPCA, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko ní Amẹ́ríkà, fojú bù ú ní 2019 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.1 ajá ló ń wọ àwọn ilé tí wọ́n ń kó ẹran tí kò ní olówó sí lọ́dọọdún. Nítorí náà, àwọn tó ń béèrè kò ṣàṣejù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àárín Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1916, ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ajá amọ̀nà sílẹ̀ ní Oldenburg ní Jámánì, fún àwọn sójà tí ogun fọ́ lójú. Dorothy Harrison Eustis, ará Amẹ́ríkà tó ń sìn ajá Jámánì (German Shepherd) ní Switzerland, gbọ́ nípa irú ẹ̀kọ́ yìí, ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan tó ń jẹ́ Morris Frank sì rìnrìn àjò lọ bá a. Ajá tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ló sọ ní Buddy. Ní 1929, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ajá amọ̀nà The Seeing Eye sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí jù ni ilé ẹ̀kọ́ Guide Dogs for the Blind ní California, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1942. Ajá tí kò ní olówó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́, Blondie, Pasadena ni wọ́n ti gbà á, níbi tí wọ́n ń kó irú ajá bẹ́ẹ̀ sí, ó sì di ojú fún sójà kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yege nínú irú ajá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí tiwọn. Àwọn tó ń sọ pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí kò fún ajá ìta láǹfààní kò mọ ìtàn. Òun ni California kọ́kọ́ fún.

Kí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ajá ìta kò fi yege? Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ ajá ní àsìkò kan, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 14, tí ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ohun gbogbo. Ohun tó bá rí nígbà náà tí kò ṣe é ní ibi, ariwo jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà, ọmọ tó ń ké, agboòrùn, ọkùnrin tó wọ agbádá, kò ní bà á lẹ́rù bọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí kò bá rí, ó lè máa sá fún un títí ayé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń fi ọmọ ajá lé ìdílé kan lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, kí wọ́n mú un dé ọjà, ilé ìjọsìn àti inú bọ́ọ̀sì, títí yóò fi lé lọ́dún kan. Ajá ọlọ́dún méjì tí wọ́n he lójú títì, ta ló mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí?

Egungun ló tún wà níbẹ̀. Oríkèé ìbàdí tí kò wọ ihò rẹ̀ dáadáa wọ́pọ̀ lára ajá Jámánì àti Labrador, inú ìran ló sì ti ń wá. Àkọsílẹ̀ The Seeing Eye tó jáde ní 1997 fi hàn pé nípa yíyan òbí nìkan, ajá Jámánì tó ní àrùn náà lọ sílẹ̀ láti 55 nínú ọgọ́rùn-ún sí 24, Labrador láti 30 sí 10, láàárín ìran tí kò tó márùn-ún. Ìyẹn kò ṣeé ṣe fún ajá tí a kò mọ ìyá tàbí bàbá rẹ̀. Afọ́jú tó ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ajá, tí ajá náà wá yarọ ní ọdún kejì, inú ilé ló máa padà sí.

Ta wá ni ìyà ń jẹ nínú bíbí yìí?

Abo tó ń bí, àti àwọn ọmọ tí kò yege. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wà, ibẹ̀ sì ni tọ̀tún-tòsì kì í fẹ́ dúró pẹ́ sí nígbà àríyànjiyàn.

Abo ajá ń lóyún fún nǹkan bí ọjọ́ 63. Ọ̀pọ̀ wọn ń wá akọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, olójúkòkòrò sì lè máa mú akọ gùn ún nígbà méjèèjì. The Kennel Club, àjọ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ ní Bìrìtìkó, kò forúkọ ọmọ sílẹ̀ mọ́ láti 2012 bí ìyá bá ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹrin. OFA, àjọ tó ń yẹ egungun ajá wò ní Amẹ́ríkà, kì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí ìbàdí tó dájú kí ajá tó pé oṣù 24. Ẹ fi ìyẹn wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa: abo tí kò tíì pé ọdún kan àti ààbọ̀ ti bímọ, kò sẹ́ni tó ya fọ́tò egungun ìbàdí rẹ̀, ní ọdún mẹ́ta ọmú rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀. Wọ́n á ní ajá olùrànlọ́wọ́ làwọn ń sìn. Owó ni wọ́n ń sìn.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Nínú ajá tí wọ́n bí fún iṣẹ́ amọ̀nà, pẹ̀lú gbogbo yíyan tí wọ́n yan òbí, ó wọ́pọ̀ kó jẹ́ láàárín ìdajì sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé òpin ẹ̀kọ́. Òmíràn ń gbọ̀n tí àrá bá sán. Òmíràn fẹ́ràn àtilé ológbò ju kó mú èèyàn rìn lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ajá. Ilé ẹ̀kọ́ gidi á wá iṣẹ́ míì fún un, bíi kó máa gbóòórùn egbòogi olóró ní ẹnubodè, tàbí kí wọ́n fún ìdílé tó tọ́ ọ dàgbà. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fi ń díwọ̀n ẹni tó ń sìn ajá kò ju ẹyọ kan lọ: èyí tí kò yege, níbo ló wà báyìí? Bó bá lè dárúkọ ilé tó ń gbé, a lè máa bọ́rọ̀ lọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò, ẹ dìde.

Ọ̀rọ̀ ajá Labradoodle tún wà níbẹ̀. Ní 1989, Wally Conron tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ajá amọ̀nà ní Ọsirélíà mú Labrador àti Poodle pọ̀, torí obìnrin afọ́jú kan ní Hawaii tí irun ajá kì í bá ara ọkọ rẹ̀ mu. Ajá náà wúlò. Ṣùgbọ́n ayé gba orúkọ náà, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í da ajá pọ̀ láìwo àìsàn tó wà lára òbí, Conron fúnra rẹ̀ sì ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí àkàndá kan ti di ẹrù ọjà.

Ṣé ajá ìta ti ṣe irú iṣẹ́ yìí láṣeyọrí rí?

Dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ajá fún àwọn adití ní Amẹ́ríkà lo ajá tí kò ní olówó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ yẹn bá wọn mu: ajá kékeré tí etí rẹ̀ ń ta, tí kò lè rí ìró kó dákẹ́, tí ilé ti lé jáde torí ìwà yẹn gan-an, òun ni adití ń wá. Àwọn ajá Beagle tó ń gbóòórùn ẹran àti èso nínú àpò èrò ní pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1984, púpọ̀ nínú wọn ló wá láti irú ilé bẹ́ẹ̀. Wilma Melville, tó bá ajá rẹ̀ wá èèyàn nínú àwókù ilé tí bọ́ǹbù wó ní Oklahoma City ní 1995, dá National Disaster Search Dog Foundation sílẹ̀ ní 1996. Ajá tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni wọ́n ń kó. Agídí tó mú kí ìdílé kan lé ajá síta, tí kò jẹ́ kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, òun ló ń mú un wá èèyàn lábẹ́ bíríkì láìsinmi.

Ẹ wo ohun tó yàtọ̀. Bí ajá adití bá ṣàṣìṣe, àlejò á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ajá amọ̀nà bá ṣàṣìṣe lórí títì Ìlọrò, tírélà ni. Amọ̀nà tún gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí kò yẹ kó gbọ́ràn: olówó rẹ̀ ní kó máa lọ, ó rí ọkọ̀, ó dúró gbagidi. Ìyẹn ni mo ṣe gbà pé bíbí ní àwíjàre fún iṣẹ́ amọ̀nà, tí kò sì ní in fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yòókù.

Ó dára, kí ló burú nínú kí gbogbo wa ṣáà máa lo ajá ìta? Ajá rílé, àkàndá rí olùrànlọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé àkàndá ni wọ́n fẹ́ kó ru ewu rẹ̀. Àwa tójú wa ríran fẹ́ ṣàánú ajá, a wá gbé àánú náà lé afọ́jú lọ́wọ́ pé kó máa mú un rìn. Bí ajá náà bá já a jù sílẹ̀ sínú gọ́tà, àwa kọ́ la ṣubú. Ẹni tó bá fẹ́ gba ajá ìta là, kó gbà á sílé ara rẹ̀. Iṣẹ́ rere nìyẹn, kò nílò kí ajá náà kọ́kọ́ gba iṣẹ́ kí ó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹun.

Ajá fúnra rẹ̀ ń jìyà nínú ẹ̀ náà. Èyí tí ayé ti bà lẹ́rù, tí wọ́n wá ń wọ́ lọ sínú ariwo lójoojúmọ́ torí pé wọ́n ní ó ti di olùrànlọ́wọ́, ìyà ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ti àkọ́kọ́.

Ní Àkúrẹ́ tiwa, níbo la ti lè gba ajá tí kò ní olówó?

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Nílùú òyìnbó, ajá tó ń dá rìn lójú títì ti sọnù nìyẹn. Níbí, ajá tó ń rìn ní Ìsìnkàn láago méje àárọ̀ lè ní ilé, kó ní orúkọ, kó sì ní màmá kan tó ń da ẹ̀bà àná fún un. Ìta ló ń lọ ṣeré. Tẹ́ ẹ bá gbé e sọ́kọ̀ pé ẹ ń ṣàánú, olè lẹ jà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ládùúgbò, ẹ bá baálé ilé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀.

Èyí tí kò ní ẹnì kankan lóòótọ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tí ayálégbé fi sílẹ̀ nígbà tó kó jáde, tàbí ọmọ tí wọ́n dà sí ààtàn torí pé wọ́n bí abo jù. Ẹ mú un wá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ bá a yọ eégbọn. Ẹ wò ó fún oṣù bíi mélòó kan kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá. Bí ẹ bá lè tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ẹ tẹ̀ ẹ́, torí àwọn tí yóò tún bí ni wọn yóò dà sí ààtàn lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá ń wá ajá tí yóò máa jí màmá yín tó dití nígbà tí ẹnì kan bá ń kanlẹ̀kùn, irú ajá yìí tó. Ajá ìbílẹ̀ wa ti mọ oúnjẹ wa, oòrùn wa, ariwo wa. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi náwó ọmọ ajá òyìnbó fún ìyẹn.

Ẹnì kan ń ta ọmọ "ajá olùrànlọ́wọ́" fún mi lórí WhatsApp. Ṣé kí n rà á?

Ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà kò lè jẹ́ olùrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ajá ni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ní ìrírí jù láyé kì í lè sọ èyí tí yóò yege kó tó lé lọ́dún kan, ẹni yẹn sì ń sọ ọ́ lórí fóònù pẹ̀lú fọ́tò ajá tó wọ ribọ́ọ̀nù.

Ẹ ní kẹ́ ẹ rí ìyá ọmọ náà, kì í ṣe fídíò ìyá rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ orí ìyá, iye ìgbà tó ti bí, àti bóyá wọ́n ti ya fọ́tò ìbàdí rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá yóò gbà á padà bí kò bá ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn yóò bínú ní ìbéèrè kejì. Ẹ má bá wọn jà.

Dókítà, ní Oǹdó tí a ti ń jẹ lókílí, ẹran ajá, ṣé àwa la fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ajá?

Bàbá kan ló fi ẹ̀rín bi mí, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ sọ ọ́: ẹni tó ń jẹ lókílí náà mọ̀ pé ajá kì í ṣe ọ̀kan náà. N kò tíì rí ọdẹ tó ta ajá tó ń bá a wọgbó fún alásè. Ajá tó lé ìgalà fún ọ, tó sùn tì ọ́ nínú àgọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ ni. Ìyàtọ̀ tí àwọn òyìnbó ń fi òfin ṣe yẹn, àwọn ọdẹ wa ti ń ṣe é tipẹ́. Àwọn tó ń bọ Ògún pàápàá ní ajá tí wọn kò ní mú.

Ibi tí lókílí ti kan ọ̀rọ̀ wa ni pé ọjà wà nílẹ̀ fún ajá tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ẹni tó bí ajá mẹ́wàá fún iṣẹ́, tí mẹ́ta yege, ó mọ ibi tó lè ta méje yòókù sí kílẹ̀ tó ṣú, kò sì sẹ́ni tó máa bi í. Ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ máa bi í. Ọ̀rọ̀ ìlera náà tún wà níbẹ̀: àwọn olùwádìí ti rí kòkòrò dìgbòlugi nínú ọpọlọ ajá tí wọ́n pa fún ẹran ní Nàìjíríà, ẹni tó ń pa á ló sì wà nínú ewu ju ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ.

Mùsùlùmí ni mí. Ṣé mo lè ní ajá amọ̀nà?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ áfáà yín, èmi dókítà ẹranko ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Kùránì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ajá ọdẹ tí a kọ́ níṣẹ́, ó sì mẹ́nu kan ajá àwọn tó sùn nínú ihò àpáta. Ní 2008, mọ́ṣáláṣí kan ní Leicester nílùú Ọba gbà kí ajá amọ̀nà ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan dúró sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò mi fọ́jú, ó ń kàwé ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí. Ṣé kí n wá ajá fún un?

Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀pá funfun àti ẹni tó máa kọ́ ọ lò ó. Ajá kì í kọ́ afọ́jú ní ọ̀nà. Afọ́jú ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń lọ, ajá á sì bá a yẹra fún ohun tó wà lọ́nà. Ẹni tí kò tíì mọ ọ̀nà fi ọ̀pá rìn kò tíì tó ajá í lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo títì wa. Gọ́tà tí kò ní ìdérí, ọ̀kadà tó ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí kò tọ́, ajá ìgboro mẹ́ta tó máa yọ sí ajá yín ní gbogbo kọ́nà. Ajá tí wọ́n kọ́ nílùú òyìnbó yóò ní láti tún ẹ̀kọ́ kọ́ níbí, ta ni yóò kọ́ ọ? Ilẹ̀ Áfíríkà kò ṣàìní ìrírí rẹ̀, àjọ ajá amọ̀nà ti wà ní Gúúsù Áfíríkà láti 1953, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Owó náà kò kéré: iye tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà sábà máa ń dá ni nǹkan bíi dọ́là 50,000 lórí ajá kan. Àwọn olùrànlọ́wọ́ aláàánú ló ń san án, The Seeing Eye ń gba dọ́là 150 péré lọ́wọ́ afọ́jú fún ajá àkọ́kọ́.

Òfin tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019 ka yíyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá léèwọ̀, ó sì fún àwọn ilé ìjọba àti ilé gbogbogbòò ní ọdún márùn-ún láti di èyí tí àkàndá lè wọ̀. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Bí wọ́n bá bo gọ́tà láti ẹnu géètì dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àǹfààní rẹ̀ fún àbúrò yín á ju ti ajá lọ lónìí.

Ṣé kì í ṣe ẹrú là ń sọ ajá dà?

Bó bá ń ta ìrù nígbà tó rí okùn iṣẹ́ rẹ̀, rárá. Bó bá ń sá sábẹ́ àga, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo ajá yín.

Ajá máa ń gbó. Ta ló ni ín nígbà tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́?

Ọ̀pọ̀ ajá olùrànlọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 8 tàbí kó lé díẹ̀, wọ́n á sì fẹ̀yìn tì ní nǹkan bí ọmọ ọdún 10. Nílùú òyìnbó, ẹni tó ń lò ó lè fi í sílé, tàbí kí ìdílé tó tọ́ ọ ní kékeré gbà á padà. Níbí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ajá bá kọ́kọ́ dé, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n bí fún iṣẹ́, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹ he ní Arákàlẹ̀: ta ni yóò máa bọ́ ọ, ta ni yóò máa sanwó dókítà, ta ni yóò gbà á bí olówó rẹ̀ bá kú ṣáájú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ èèyàn méjì, ẹ má kọ ẹyọ kan, kẹ́ ẹ sì rí i pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹ kọ orúkọ wọn.